Ta ni George W. Bush, ààrẹ Amẹ́ríkà tí òpópónà Lapaz ní Accra ń jẹ́ orúkọ rẹ̀?

Orúkọ méjì ni òpópónà márosẹ̀ tó la àárín Lapaz kọjá nílùú Accra ń jẹ́. Àwọn awakọ̀ trotro ń pè é ní N1, ṣùgbọ́n orúkọ tí ìjọba Ghana sọ ọ́ ni George Walker Bush, ẹni tó jẹ́ ààrẹ kẹtàlélógójì orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà.

Ọ̀nà náà gùn tó kìlómítà 14, láti ìkòríta Tetteh Quarshie títí dé Mallam. Owó Amẹ́ríkà ni wọ́n fi ṣe é. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2006, Ghana tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn mílíọ̀nù 547 dọ́là pẹ̀lú àjọ Millennium Challenge Corporation, tí ìjọba Bush dá sílẹ̀ ní ọdún 2004.

Ẹ̀bùn ni owó náà, kì í ṣe gbèsè, àmọ́ ó ní ohun tó rọ̀ mọ́ ọn. Orílẹ̀-èdè tí ìṣàkóso rẹ̀ bá dára, tó sì ń gbógun ti ìwà àjẹbánu, ni àjọ náà ń fún. Ní ọdún 2019, Amẹ́ríkà fa mílíọ̀nù 190 dọ́là sẹ́yìn nínú àdéhùn kejì, èyí tó dá lórí iná mànàmáná, lẹ́yìn tí Ghana fòpin sí iṣẹ́ tó gbé fún ilé iṣẹ́ PDS.

Ọjọ́ kẹfà oṣù Keje ọdún 1946 ni wọ́n bí Bush ní ìpínlẹ̀ Connecticut, ṣùgbọ́n Texas ló ti dàgbà. Bàbá rẹ̀, George H. W. Bush, ti jẹ ààrẹ ṣáájú rẹ̀. Ọmọ ṣòwò epo rọ̀bì kó tó di gómìnà Texas ní 1995. Ìbò tó gbé e dé ipò ààrẹ ní ọdún 2000 fa awuyewuye gan-an: ìbò 537 péré ló fi ṣáájú Al Gore ní Florida, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ló sì fòpin sí àríyànjiyàn náà.

Kò tíì pé oṣù mẹ́jọ lórí àlééfà tí àwọn agbésùmọ̀mí kọlu New York àti Washington, ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001. Bush kógun wọ Afghanistan, ó sì kógun wọ Iraq ní 2003. Ohun ìjà olóró tó ní Saddam Hussein kó pamọ́, wọn kò rí i. Ogun yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn lágbàáyé fi ń rántí rẹ̀.

Ní ọdún 2003 yẹn kan náà ló gbé ètò PEPFAR kalẹ̀, èyí tó ń pèsè oògùn fún àwọn tó ní kòkòrò HIV, tí Nàìjíríà náà sì jàǹfààní rẹ̀. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀kan bo èkejì mọ́lẹ̀.

Nígbà tí Bush àti ìyàwó rẹ̀, Laura, ṣàbẹ̀wò sí Accra ní oṣù Kejì ọdún 2008 ni Ààrẹ John Kufuor kéde pé ọ̀nà náà yóò máa jẹ́ orúkọ àlejò òun. Kí iṣẹ́ tó parí, àwọn méjèèjì ti kúrò nípò. John Atta Mills ló ṣí i ní oṣù Kejì ọdún 2012. Ẹgbẹ́ NDC ni Mills, NPP ni Kufuor, síbẹ̀ orúkọ náà kò yí padà.

Ní Lapaz, ọjà àti ibùdókọ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ọ̀nà náà. Afárá ẹlẹ́sẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn kan ṣì ń sáré kọjá láàárín mọ́tò, pàápàá ẹni tó ru ẹrù wúwo tí kò lè gun àtẹ̀gùn. Ọ̀pọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ ni mọ́tò ti gbá pa lójú òpópónà náà.