Àwọn Tí Ó Bá Aláìsàn Mí Ní Copenhagen

Ní ọdún 1952, àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ jà ràn-ìn ní Copenhagen, olú ìlú Denmark. Nínú aláìsàn 31 tí wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ bá mí ní ilé ìwòsàn Blegdam, 27 kú. Bjørn Ibsen, oníṣègùn tí ń kunni lóorun, ni ó wí pé kábọ́nì dáyọ́sáìdì tí wọn kò lè mí síta ni ó kún inú ẹ̀jẹ̀ wọn, tí ó sì ń pa wọ́n. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ, wọ́n dá ihò sí ọ̀fun ọmọbìnrin ọlọ́dún 12 kan tí ó ń kú lọ. Ibsen ti ọ̀pá bọ ihò náà, ó sì ń fi ọwọ́ fún àpò rọ́bà títí afẹ́fẹ́ búburú náà fi jáde. Ọmọ náà yè. Lẹ́yìn èyí, akẹ́kọ̀ọ́ bí 1,500 ni ó ń fún àpò tọ̀sán tòru (iṣẹ́ àṣelàágùn ni!), ikú sì dín kù gidigidi.