Àìrìnpọ̀ Ejò: Ìtàn Ìjà Àwọn Àwo Fídíò

  

Ìtàn ni mo fẹ́ sọ fún yín nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa lọ́tẹ̀ yìí. Kì í ṣe ìtàn Ọ̀yọ́ tàbí ti ogun Kírìjì tí àwọn àgbà ti sọ fún wa tẹ́lẹ̀. Ìjà tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá jà lórí àwo fídíò ni. Bí ẹnikẹ́ni bá ń wí nínú ara rẹ̀ pé kí ló kàn wá níbẹ̀, kí ó fọkàn balẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ náà dé ilé gbogbo wa.

Nígbà tí mò ń bọ̀ láti ilé, ìyá mi fi kásẹ́ẹ̀tì VHS kan sínú àpótí mi. Ìnáwó ìsìnkú ìyá wọn ní 1994 ni wọ́n yà sínú rẹ̀. Wọ́n ní, "Ìlú òyìnbó lò ń lọ. Wọn kò ní ṣàìní ẹ̀rọ tí yóò bá wa gbé e sínú fóònù." Mo wá ẹ̀rọ náà ní Turin títí, n kò rí i. Ẹnìkan ni ó wá júwe ilé ìtajà kan fún mi ní Via Padova ní Milan, òpópó gígùn tí ó bẹ̀rẹ̀ láti Piazzale Loreto, níbi tí oríṣiríṣi èdè ti ń dún létí ẹni bí ẹni pé Ìdúmọ̀tà ni a wà.

Ará Òṣogbo ni bàbá tí ó ni ilé ìtajà náà. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ ohun tí mo bá wá. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì nàka sí ẹ̀rọ kan tí eruku ti bò lórí pẹpẹ. "Ọmọ mi, HD DVD ni ìyẹn. Ní 2007 ni mo fi owó oṣù mi odidi rà á. Wọ́n ní kò sí èyí tí yóò dára jù ú lọ mọ́. Kò pé ọdún kan tí wọ́n fi pa á tì. Fíìmù mẹ́rìnlá ni mo ti rà sí i nígbà náà."

Ọ̀rọ̀ bàbá yìí ni ó mú kí n lọ wádìí bí ìjà náà ti jẹ́.

ÌJÀ KÁSẸ́Ẹ̀TÌ

Kí a tó sọ ti àwo, ó yẹ kí a mẹ́nu ba kásẹ́ẹ̀tì. Ní 1975 ni ilé-iṣẹ́ Sony ní Jàpáánì gbé Betamax jáde. Ní 1976 ni JVC, tí òun náà jẹ́ ti Jàpáánì, gbé VHS jáde. Kásẹ́ẹ̀tì ọ̀kan kò wọ inú ẹ̀rọ èkejì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó sọ pé àwòrán Betamax mọ́ ju ti VHS lọ díẹ̀, ṣùgbọ́n wákàtí kan péré ni kásẹ́ẹ̀tì Betamax àkọ́kọ́ gbà. Ti VHS gba wákàtí méjì, èyí tí ó tó odidi fíìmù. JVC sì fún ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ mìíràn láyè láti máa ṣe ẹ̀rọ VHS. Nígbà tí ó fi máa di 1988, Sony fúnra rẹ̀ ti gbà láti máa ṣe VHS.

Ní 1988 kan náà ni Adé Àjíbóyè gbé Ṣóṣó Méjì jáde ní èdè wa, fíìmù tí wọ́n fi fídíò yà. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni Àlàdé Aromire gbé Ẹkùn jáde. Ṣáájú èyí, sinimá ni àwọn bàbá wa ń ṣe, bí Hubert Ògúndé ti ṣe Ayé ní 1979. Ṣùgbọ́n owó ńlá ni sinimá ń gbà, òkè òkun ni wọ́n sì ń gbé e lọ fún àṣetán. Nígbà tí náírà bọ́ sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1980, agbára ọ̀pọ̀ òṣèré kò ká a mọ́. VHS ni ó gba àwọn òṣèré wa sílẹ̀. Ní 1992, Kenneth Nnebue, ẹni tí ó ti kọ́kọ́ náwó sí fíìmù Yorùbá, gbé Living in Bondage jáde ní èdè Ìgbò lórí VHS, ọjà náà sì gbòòrò. Ẹ kò rí i bí? Ìjà tí wọ́n jà ní Jàpáánì ni ó pinnu ohun tí a óò fi wo fíìmù ní Ìbàdàn.

IṢẸ́ TÍ WỌ́N ṢE NÍ TURIN

Ọ̀rọ̀ wá kan ìlú tí mo wà yìí. Ní Turin ni ilé ìwádìí kan wà nígbà kan rí tí wọ́n ń pè ní CSELT, níbi tí ọ̀gbẹ́ni Leonardo Chiariglione ti ṣiṣẹ́. Politecnico ti Turin ni ó ti kàwé, kí ó tó lọ gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Tokyo ní 1973. Òun náà ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ nílẹ̀ òkèèrè bíi tiwa. Ní 1988, òun àti Hiroshi Yasuda ti Jàpáánì dá ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ kan sílẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ MPEG. Iṣẹ́ ẹgbẹ́ náà ni pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń bá ara wọn díje jókòó pọ̀, kí wọ́n sì fẹnu kò lórí ọ̀nà kan ṣoṣo tí a óò máa gbà fún àwòrán pọ̀ kí ó lè kéré, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ká agbádá kí ó lè wọ inú àpò.

Ní 1992 ni wọ́n parí MPEG-1. Ní 1993, Philips, Sony, Matsushita àti JVC fi ìlànà náà ṣe àwo tí a mọ̀ sí VCD. Àwòrán rẹ̀ kò mọ́ púpọ̀: àmì kéékèèké 352 ní ìbú, 288 ní òró. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 74 ni àwo kan gbà, ìdí nìyí tí fíìmù kan fi ń jẹ́ àwo méjì tí a ó yọ ọ̀kan kí a tó ki èkejì bọ̀ ọ́. Àwọn ará Europe àti Amẹ́ríkà kò fi bẹ́ẹ̀ kà á sí. Ṣùgbọ́n àwọn ará Éṣíà gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, àwa náà sì gbà á. Ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé 2000, VCD lé VHS kúrò ní Ìdúmọ̀tà. Lórí VCD ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti wo Ṣaworoidẹ tí Túndé Kèlání ṣe ní 1999, àti Agogo Èèwọ̀ tí ó tẹ̀ lé e ní 2002. Ẹni tí ó bá tún gun bọ́ọ̀sì ní Turin, kí ó rántí pé ìmọ̀ tí ó gbé fíìmù Yorùbá wọ yàrá wa ní ẹsẹ̀ kan nínú ìlú yìí.

ÌJÀ ÀWO ALÁWỌ̀ ARÓ

Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe DVD, ìjà kan ti fẹ́ bẹ́ sílẹ̀. Sony àti Philips ní tiwọn, Toshiba àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní tiwọn. Àwọn oníkọ̀ǹpútà yarí pé àwọn kò fẹ́ méjì, ìlànà kan ni kí wọ́n mú wá. Ní 1995 wọ́n fẹnu kò, DVD kan ṣoṣo ni ó sì jáde ní 1996. Gbogbo ayé ni ó jàǹfààní rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni tẹlifíṣọ̀n ńláńlá dé, tí àwòrán rẹ̀ jẹ́ àmì 1920 ní ìbú àti 1080 ní òró. DVD kò lè gba odidi fíìmù tí ó mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n fi ń ka àwo, ìmọ́lẹ̀ náà sì dà bí gègé. Gègé tí ẹnu rẹ̀ nípọn, lẹ́tà gàdàgbà ni yóò kọ, ojú ìwé yóò sì tètè kún. Gègé tí ẹnu rẹ̀ tín-ín-rín ni ó lè kọ ọ̀rọ̀ púpọ̀ sójú ìwé kan náà. Ìmọ́lẹ̀ tí ó ń ka CD jẹ́ nanometer 780, ti DVD tí ó pupa jẹ́ 650. Àwọn onímọ̀ ní Jàpáánì, tí Shuji Nakamura jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú wọn, wá ṣe ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ aró tí ó lọ sílẹ̀ dé 405. Gègé tuntun dé.

Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, wọn kò rìn pọ̀. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kejì ọdún 2002, Sony, Philips, Matsushita àti àwọn mìíràn kéde Blu-ray. Toshiba àti NEC dúró ti HD DVD. Blu-ray gba gigabyte 25 lórí ìpele kan àti 50 lórí méjì. HD DVD gba 15 àti 30. Ṣùgbọ́n ìrísí àwo HD DVD sún mọ́ ti DVD, tó bẹ́ẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe DVD lè fi owó díẹ̀ tún ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe kí ó sì máa ṣe é. Ẹ̀yin náà rí i pé kò sí òmùgọ̀ nínú àwọn méjèèjì. Ọ̀kan ń wo ààyè, èkejì ń wo owó. Ní 2005 wọ́n jókòó láti parí ìjà, wọn kò rí i parí. Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé àwọn méjèèjì ni ó ń lo ìlànà MPEG kan náà láti ká àwòrán. Aṣọ kan náà ni wọ́n ká, àpò ni wọ́n ń jà lé lórí.

Ní 2006 àwọn méjèèjì wọ ọjà. Ní Amẹ́ríkà, ẹ̀rọ HD DVD àkọ́kọ́ jẹ́ dọ́là 499, ti Blu-ray àkọ́kọ́ jẹ́ dọ́là 999. Ẹni tí ó bá wo iye yìí nìkan yóò sọ pé HD DVD ni yóò borí. Ṣùgbọ́n Sony fi Blu-ray sínú PlayStation 3 ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, ó sì di pé àwọn ọmọdé tí ó ra ohun ìṣeré ti gbé Blu-ray wọlé láìmọ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ fíìmù Hollywood náà pín sí méjì: Disney àti Fox lọ sọ́dọ̀ Blu-ray, Universal lọ sọ́dọ̀ HD DVD, Paramount náà sì dúró ti HD DVD nìkan ní 2007. Ẹni tí ó fẹ́ wo gbogbo fíìmù ní láti ra ẹ̀rọ méjì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ká ọwọ́ gbera, wọn kò ra ìkankan.

Ní ọjọ́ 4 oṣù Kíní ọdún 2008, Warner Bros., tí ó ti ń ṣe ti àwọn méjèèjì, sọ pé Blu-ray nìkan ni òun yóò máa ṣe. Nígbà tí ó di oṣù Kejì, Netflix, Best Buy àti Wal-Mart kọ HD DVD sílẹ̀. Ní ọjọ́ 19 oṣù kan náà, tí ó pé ọdún mẹ́fà gééré tí wọ́n kéde Blu-ray, Toshiba sọ pé òun ti pa á tì. Ní 2009, Toshiba tún darapọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ Blu-ray. Àwọn ọba méjì tí ń jagun ti parí ìjà wọn, wọ́n ń jẹun pọ̀. Ta ni ó san gbèsè? Bàbá wa ní Via Padova ni, pẹ̀lú fíìmù mẹ́rìnlá wọn.

Ẹni tí ó borí náà kò sì jẹ ayé náà pẹ́ títí. Láti 2007 ni Netflix ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi fíìmù ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí àwọn ejò méjì ń bá ara wọn jà lórí ilẹ̀, ẹyẹ ti ń fò kọjá lókè. Ní ilé, Blu-ray kò tilẹ̀ rí ìdí jókòó. Láti orí VCD àti DVD ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti fò sórí fóònù.

OHUN TÍ Ó KÀN WÁ

Àwọn àgbà ní àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìyà tí ó kàn wá kì í ṣe ti ejò. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pààrọ̀ ẹ̀rọ, fíìmù tí ó lókìkí ni wọ́n ń kọ́kọ́ dà sínú tuntun. Ta ni yóò da ìsìnkú ìyá àgbà wa? Ta ni yóò da fíìmù Yorùbá tí ẹni tí ó ṣe é ti kú, tí kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wà nínú páálí ní ìyẹ̀wù ẹnìkan?

Bàbá ará Òṣogbo wọ yàrá ẹ̀yìn, wọ́n gbé ẹ̀rọ VHS àtijọ́ kan jáde. Ẹ̀rọ àtijọ́ yìí ni ó ṣiṣẹ́. A ki kásẹ́ẹ̀tì bọ̀ ọ́, àwòrán sì jáde. Mo rí ìyá mi ní ọ̀dọ́ langba. Mo rí ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, tí àwọn náà ti di olóògbé, tí wọ́n dìde tí wọ́n ń ki oríkì orílẹ̀ wa. Mo kò gbọ́ ọ rí tó bẹ́ẹ̀ láyé mi. Ìṣẹ́jú méje ni a gbọ́. Lẹ́yìn náà ojú ẹ̀rọ funfun, ariwo nìkan ni ó kù. Èbu ti jẹ ìyókù. Mo fi ìṣẹ́jú méje yẹn ránṣẹ́ sí ìyá mi. Wọ́n sunkún, wọ́n ní kò sí ẹni tí ó tún mọ ìparí oríkì náà nínú ẹbí mọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀ yín. Bí ẹ bá pe ilé ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ bi wọ́n léèrè kásẹ́ẹ̀tì àti àwo tí ó wà ní ìsàlẹ̀ àpótí. Ẹni tí ó bá ń lọ sílé fún ìsinmi, kí ó kó wọn bọ̀ nígbà tí ẹ̀rọ tí ó lè kà wọ́n ṣì kù. Ẹ má fi wọ́n síbi kan ṣoṣo, nítorí pé a kò mọ èyí tí wọn yóò pa tì lọ́la. Lékè gbogbo rẹ̀, ẹ mú gègé, kí ẹ kọ oríkì àti ìtàn ilé yín sínú ìwé nígbà tí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣì wà láàyè. Ìwé kò bèèrè ẹ̀rọ Sony tàbí ti Toshiba. Ojú àti ìmọ́lẹ̀ nìkan ni ó ń fẹ́.

Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Kí tiwa má gbẹ o.