Ìtọ́jú Tó Ń Bá Sójà Délé: Láti Ogun Vietnam Dé Orí Fóònù

Ìtàn Amẹ́ríkà ni mo gbé wá lónìí, àmọ́ ó kàn wá.

Lọ́dún 1971, ìjọba Nixon rí i pé heroin ti di bárakú fún ọ̀pọ̀ sójà tó ń jagun ní Vietnam. Wọ́n wá ń yẹ ìtọ̀ wọn wò kí wọ́n tó wọkọ̀ òfuurufú bọ̀ wálé. Ọ̀mọ̀wé Lee Robins tọpa àwọn tó ti délé. Bí ẹnì kan nínú márùn-ún ló sọ pé ó ti di bárakú fún òun lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n púpọ̀ wọn ni kò padà sídìí ẹ̀ mọ́. Ẹ ò rí i pé ibi téèyàn ń gbé àti àwọn tó yí i ká lágbára?

Àwọn tí kò rí i fi sílẹ̀ ńkọ́? Bí ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn sójà àtijọ́ Amẹ́ríkà ló ń gbé ìgbèríko, ọsibítù wọn sì jìnnà. Ìtọ́jú bárakú kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan péré. Béèyàn bá ń pa á jẹ, ó lè padà sẹ́sẹ̀ àárọ̀. Lọ́dún 2018, ìjọba gba àwọn dókítà sójà àtijọ́ láyè láti máa tọ́jú wọn lórí fídíò, ì báà jẹ́ ìpínlẹ̀ míì ni wọ́n wà. Òfin 2008 ṣì ní kí dókítà fojú kan aláìsàn kó tó kọ oògùn bíi buprenorphine, tó ń pa òǹgbẹ heroin. Nígbà tí kòrónà dé lọ́dún 2020, wọ́n dẹ okùn òfin náà.

Ẹ má rò pé ti òyìnbó nìkan ni o. Lọ́dún 1944, Lantoro l'Ábẹ́òkúta ni wọ́n kó àwọn sójà wa tí ọpọlọ wọn dàrú nígbà Ogun Àgbáyé Kejì lọ. Nígbà tó di 1954, Dókítà Adéoyè Lámbò ní kí àwọn aláìsàn Arò máa gbé lọ́dọ̀ àwọn ará abúlé tó wà nítòsí. Kò fẹ́ kí ìtọ́jú yà wọ́n kúrò láàárín èèyàn.

Ó wá kù sọ́wọ́ wa. Sójà tó ti fẹ̀yìntì mélòó la kàn ń pè ní ọ̀mùtí nílùú wa? Àbá tèmi ni pé kí ẹgbẹ́ wa ya yàrá kan sọ́tọ̀ ní gbọ̀ngàn ìlú, kó ní ilẹ̀kùn tó ṣeé tì àti íntánẹ́ẹ̀tì tó já gaara, kí wọ́n lè máa bá dókítà sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ẹ gbé e yẹ̀ wò kó tó dìgbà ìpàdé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ ẹnikẹ́ni lórí gúrúùpù o. Ìtìjú náà wà lára ohun tí kì í jẹ́ kí wọ́n jáde wá tọ́jú ara wọn.