Irinṣẹ́ Tó Ń Sọ Agbára Ọwọ́ Di Púpọ̀

Bí táyà tírélà bá jò lójú títì, ẹ ó rí fokanáísà tí yóò ki páìpù gígùn bọ ìdí sípánà, tí yóò sì gun orí rẹ̀ kí nọ́ọ̀tì tó ti dógùn-ún lè gbọ́. Ọgbọ́n àtijọ́ ni. Archimedes ará Syracuse, tó kú ní ọdún 212 ṣáájú ìbí Kristi, ti fi ìṣirò ṣàlàyé rẹ̀: bí ọ̀pá bá ṣe gùn tó ni agbára rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Àmọ́ páìpù lè yọ̀, ó sì lè gé bóòtù.

Ohun tó rọ́pò páìpù ni irinṣẹ́ kan tó rí roboto bí agolo mílíìkì. Gíá kékeré kan wà láàárín rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní oòrùn. Gíá mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó yí i ká ni pílánẹ́ẹ̀tì. Òrùka eléyín sì ká gbogbo wọn mọ́. Ní 1781, James Watt gba ìwé àṣẹ lórí irú gíá bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀rọ onísítíìmù rẹ̀, torí James Pickard ti gbàṣẹ lórí kiránkì ní 1780. Kí lílọ-bíbọ̀ ẹ̀rọ náà lè di yíyí ni Watt ṣe lo tirẹ̀. Agbára ni irinṣẹ́ yìí ń wá.

Bí ìwọ̀n gíá rẹ̀ bá jẹ́ 5 sí 1, tí ẹ fi 200 Newton-mítà yí i, nǹkan bí 1,000 ni yóò kan nọ́ọ̀tì, bí a bá yọ díẹ̀ tí eyín gíá ń jẹ kúrò. Ṣùgbọ́n ẹ ó yí ọwọ́ lẹ́ẹ̀marùn-ún kí nọ́ọ̀tì tó yí lẹ́ẹ̀kan. Kò sí ọ̀fẹ́ níbẹ̀. Irú èyí tí àwọn awakọ̀ tírélà ń gbé kiri máa ń jẹ́ 58 sí 1: ọmọdé lè fi tú nọ́ọ̀tì, bó bá ní sùúrù.

Wọ́n tún ń lo irinṣẹ́ yìí láti di bóòtù afárá irin, ìsopọ̀ páìpù epo àti òpó ẹ̀rọ tó ń fi afẹ́fẹ́ pèsè iná.

Bí nọ́ọ̀tì ṣe ń lọ síwájú ni ara irinṣẹ́ ń fẹ́ yí padà sẹ́yìn, ìdí nìyí tó fi ní apá irin tí a ń fi ti nọ́ọ̀tì kejì. Ẹ má ṣe fi ìka sáàárín apá yẹn àti ohun tó fẹ̀yìn tì: agbára tó ń tú nọ́ọ̀tì kò mọ ìka yàtọ̀ sí irin.