Nọ́ńbà Òkè Tí Wọ́n Fojú Fò

Ìtàn tòní kúrú, àmọ́ ẹ̀mí aboyún wà nínú rẹ̀.

Tí wọ́n bá wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín, nọ́ńbà méjì ni wọ́n máa ń pè, ti òkè àti ti ìsàlẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ti ìsàlẹ̀ ni ọ̀pọ̀ dókítà ń tẹjú mọ́ lára aboyún. Gìrì aboyún ló sì ń bà wọ́n lẹ́rù. Ní 2002, ìwádìí Magpie, tó gba obìnrin tó lé ní 10,000 ní orílẹ̀-èdè 33, Nàìjíríà náà wà níbẹ̀, fi hàn pé abẹ́rẹ́ magnesium sulphate ń dín gìrì yìí kù sí ìdajì. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ gìrì kì í ṣe oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Iṣan inú ọpọlọ ṣì lè bẹ́, kí ẹ̀jẹ̀ dà síbẹ̀.

Ní 2005, James Martin àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ṣàyẹ̀wò obìnrin 28 tí ẹ̀jẹ̀ ríru oyún sọ di alárùn rọpárọsẹ̀. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn, ẹ̀jẹ̀ ló dà sínú ọpọlọ wọn. Nínú 24 tí wọ́n mọ bí ẹ̀jẹ̀ wọn ṣe ga tó kó tó ṣẹlẹ̀, nọ́ńbà òkè ti 23 ti dé 160 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ti ìsàlẹ̀ ńkọ́? Ti àwọn 3 péré ló dé 110. Ẹ gbọ́ èyí náà: 16 nínú àwọn 28 ti bímọ tán kó tó kọlù wọ́n. Ó lé ní ìdajì wọn tó kú.

Ní 2007, ìgbìmọ̀ tó ń wádìí ikú àwọn ìyá ní Britain sọ ọ́ gbangba pé tí nọ́ńbà òkè aboyún bá ti dé 160, kí wọ́n fún un ní oògùn. Amẹ́ríkà gbé irú ìlànà yìí jáde ní 2011. Labetalol àti hydralazine ti wà tipẹ́. Ibi tí dókítà ń wò ló yí padà.

Ní Britain àti Amẹ́ríkà, àwọn ìyá aláwọ̀ dúdú ń kú ju àwọn aláwọ̀ funfun lọ. Nítorí náà, ẹ má gba "ó kàn ga díẹ̀ ni." Ẹ béèrè nọ́ńbà náà. Tó bá dé 160 lókè tàbí 110 nísàlẹ̀, tàbí tí orí ń fọ́ yín gidigidi, tí ojú ń ṣú, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kódà bí ọmọ bá ti wà lọ́wọ́ yín.

Àdúrà wa ni pé ká gbóhùn ìyá, ká gbóhùn ọmọ. Ẹ sọ nípa nọ́ńbà òkè fún aboyún tó wà nílé yín lónìí.