Igi Tí Ó Tẹ̀ nínú Ìtàn Iṣẹ́ Gẹdú ní Agbègbè Ìsarà

Ìsarà, olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Àríwá Rẹ́mọ, wà ní agbègbè igbó tí ìrókò, arère, afàrà àti ọ̀mọ̀ ti ń hù, kí oko kòkó àti obì tó gba púpọ̀ nínú ilẹ̀ náà. Kí ẹ̀rọ ìlagi tó dé igbó ilẹ̀ Yorùbá, ọwọ́ ni wọ́n fi ń la gẹdú, ìyẹn ìtì igi ńlá tí a fẹ́ sọ di pákó: wọn a gbé e sórí kòtò, ẹnì kan a dúró lókè, ìkejì a wà nísàlẹ̀, àwọn méjèèjì a sì jọ máa fa ayùn gígùn kan. Nínú irú iṣẹ́ tí agbára ènìyàn nìkan gbé ró yìí, ìdúró igi nínú igbó kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, nítorí pé igi tí ó ti tẹ̀ nígbà ayé rẹ̀ máa ń ni ayùn lára.

Bí ìjì bá ti igi, tàbí bí ilẹ̀ ìdí rẹ̀ bá yẹ̀, igi tuntun tí ó ń hù lábẹ́ èèpo ni ó fi ń tún ìdúró rẹ̀ ṣe. Kí ó tó lè ṣe èyí, igi ní láti mọ ibi tí òkè wà: ní 1900, Haberlandt àti Nemec, àwọn onímọ̀ nípa ohun ọ̀gbìn, olúkúlùkù lọ́tọ̀, dábàá pé hóró sítáàṣì, tí ó máa ń rọ̀ sísàlẹ̀ nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì kan, ni ohun ọ̀gbìn fi ń mọ òkè yàtọ̀ sí ilẹ̀. Lára igi eléwé fífẹ̀, ẹ̀gbẹ́ òkè ibi tí ó tẹ̀ ni igi tuntun yìí, tí a ń pè ní igi ìfàsókè, ti ń hù. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, fọ́nrán rẹ̀ ní ìpele inú kan tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kìkì sẹ́lúlóòsì, èròjà tí òwú fi jẹ́ òwú, bí ó sì ti ń gbó ni ó ń súnkì, tí ó ń fa igi padà. Ti igi páìnì yàtọ̀: ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀ ni igi ìtìsókè rẹ̀ ti ń hù, ó kún fún líǹgínì tí ń mú igi le, ó sì ń ti igi dìde.

Agbára tí ó ti gba igi là yìí kò kúrò lára rẹ̀ nígbà tí a bá gé e. Bí ayùn bá ti ń là á, pákó lè yí, kí ó sì fún ayùn mọ́lẹ̀. Ojú pákó a máa hu irun bí ìgbà tí a fa òwú ya, bí ó bá sì gbẹ, a súnkì ní gígùn, a wọ́. Àmì igi tí ó ti tẹ̀ hàn ní ojú ibi tí a gé, nítorí pé àárín igi kì í sí láàárín gan-an mọ́, òrùka ọdọọdún a sì fẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan ju èkejì lọ.

Nígbà tí ìrókò ńlá ti di ọ̀wọ́n, tí igi kékeré sì ń wọ ilé ìlagi, ó yẹ kí a kọ́ ọmọṣẹ́ gẹdú láti wo ìdúró igi kí ó tó fi àáké kàn án, kí pákó má baà ṣòfò, kí a má sì máa gé igi mìíràn dípò èyí tí ó bàjẹ́.