Ọdún 1994: nígbà tí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í polówó lọ́tìrì Amẹ́ríkà

Ta ni irú ọ̀rọ̀ yìí kò tíì bá lórí fóònù rẹ̀ rí: "Wá gba físà Amẹ́ríkà, tẹ ibí"? Lọ́pọ̀ ìgbà, ènìyàn kọ́ ló ń fi í ránṣẹ́, ẹ̀rọ ni. Ìtàn rẹ̀ kàn wá, nítorí lọ́tìrì tí àwọn ọmọ wa ti ń forúkọ sí láti ọjọ́ pípẹ́ wà nídìí rẹ̀.

Ní 1978, Gary Thuerk tó ń ta kọ̀ǹpútà ní Amẹ́ríkà fi ìpolówó kan ránṣẹ́ sí nǹkan bí 400 ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ọwọ́ ni wọ́n fi tẹ àdírẹ́sì wọn.

Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹrin ọdún 1994, ẹ̀rọ gba iṣẹ́ náà. Lọ́yà méjì ní Arizona, Laurence Canter àti ìyàwó rẹ̀ Martha Siegel, fẹ́ gba owó lọ́wọ́ àwọn tó ń wá ìwé ìgbélùú Amẹ́ríkà. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìjọba kò gba owó kankan fún lọ́tìrì náà nígbà yẹn. Wọ́n lo ètò kọ̀ǹpútà kékeré kan tó gbé ìpolówó kan náà sí ibi ìjíròrò tó lé ní 5,500 lórí Usenet. Ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ orin, lọ́tìrì; ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ìṣirò, lọ́tìrì.

Àwọn ènìyàn bínú. Ìwé ìbínú pọ̀ débi pé ẹ̀rọ iléeṣẹ́ tó so tọkọtaya náà mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì dákú. Ará Norway kan kọ ètò tó ń pa ìpolówó wọn rẹ́. Ní 1997, wọ́n gba ìwé àṣẹ lọ́yà lọ́wọ́ Canter ní Tennessee.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà ti là. Kì í rẹ ẹ̀rọ, kì í sì í jẹun. Bí ẹnì kan bá dáhùn nínú ẹgbẹ̀rún, olówò ti jèrè.

Ní 1997 kan náà, AltaVista bẹ̀rẹ̀ sí í fi lẹ́tà wíwọ́ han ẹni tó fẹ́ fi àdírẹ́sì ojú ìwé kún àkójọ rẹ̀, kó kà á kí wọ́n lè mọ̀ pé ènìyàn ni. Lónìí, ẹ̀rọ ti ń ka lẹ́tà náà.

Kí ló wá kù? Ohun tí àwọn bàbá wa fi ń mọ àlejò ni: ìbéèrè. Ẹ̀yin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ẹgbẹ́ wa lórí fóònù, ẹ bi ẹni tó fẹ́ wọlé ní èdè wa pé: "Ọmọ ilé wo ni ọ́? Ta ló mọ̀ ọ́ níbí?" Ẹni tó bá sì ń bèèrè owó kó tó bá yín ta lọ́tìrì, ẹ kọ́kọ́ wo ojú ìwé ìjọba Amẹ́ríkà fúnra yín. Ó ti lé ní 30 ọdún tí wọ́n ti ń ta ọjà yìí.